Owó Tí Kò Ní Ìyáàfin Lórí

Lẹ́yìn Iléyá èṣí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Glasgow wá kí wa nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń padà lọ, ó na owó kan sí mi, ó ní, "Ìyá mi, ẹ fi èyí ra ẹja." Ẹyọ kan péré ni, ogún pọ́n-ùn. Mo gbàdúrà fún un, mo ki owó náà bọ àárín ìwé kan, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí gáàsì tán nílé tí owó ìfẹ̀yìntì kò sì tíì wọlé.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó nítòsí Pósí Ọ́fíìsì. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Ìlọrin níbí, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Ó gba owó náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó fi èékánná ha etí rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

"Alhaja, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe pọ́n-ùn."

Mo ní pọ́n-ùn ni, mo ní ará ilé mi ló mú un ti òkè òkun bọ̀. Ó ní, "Níbo wá ni Ìyáàfin wà?" Ọbabìnrin Elizabeth ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Bí kò bá sí Ìyáàfin, kó jẹ́ ọmọ rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni bàbá yìí?"

Bàbá tó ń wí ni Walter Scott, òǹkọ̀wé ará Skọ́tlándì tó kú lọ́dún 1832. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìtàn àti ìmọ̀ ìjọba fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ní ilé ìwé girama, ó sì wù mí kí n dúró nínú oòrùn yẹn kí n ṣàlàyé ẹni tí bàbá náà jẹ́ àti ìdí tí orí rẹ̀ fi wà níbi tí a retí orí ọba, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà méjì ti tò sẹ́yìn mi, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń pòṣé. Ohun tí n kò rí àyè sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Owó gidi ni. Bank of Scotland ló tẹ̀ ẹ́, báǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Edinburgh, olú ìlú Skọ́tlándì, lọ́dún 1695, ọdún kan péré lẹ́yìn Bank of England. Báǹkì oníṣòwò mẹ́ta ló ṣì ń tẹ owó tirẹ̀ ní Skọ́tlándì títí di òní. Gbogbo owó tí wọ́n bá tẹ̀ síta, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ohun tó tó o níye nípamọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ Bank of England, kí ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ má baà pàdánù bí báǹkì bá wó. Nítorí èyí ni Bank of England ṣe ní àwọn owó bébà kan tí kì í jáde síta rí: òmíràn wà tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, òmíràn sì wà tí ẹyọ kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Wọn kì í ná wọn, wọn kì í ṣẹ́ wọn. Wọ́n kàn wà ní ìpamọ́, wọ́n ń ṣe onídùúró fún owó Skọ́tlándì àti ti Àríwá Ireland.

Ó yẹ kí èyí ya ènìyàn lẹ́nu. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1707 ni Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lábẹ́ òfin, wọ́n ń lo ọba kan àti ọmọ ogun kan, síbẹ̀ owó ọ̀kan ṣì ń wá onídùúró lọ́dọ̀ èkejì, owó náà tún dé Ìlọrin tán, abókí wò ó bí ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ irú èyí kò ṣe àjèjì sí mi. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Ìlọrin ni mo sì lọ́kọ sí. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà láàárín ìlú méjèèjì kí òyìnbó tó dé, títí tí ogun Ìlọrin fi kó Ọ̀ffà ní nǹkan bí ọdún 1890, á mọ̀ pé bàbá mi kò fi ẹ̀rín dá mi lóhùn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ilé tí ọkọ mi ti wá. Ó ju ogójì ọdún lọ tí mo ti wà nílé ọkọ báyìí. Èdè wọn ti wọ̀ mí lẹ́nu débi pé àwọn àbúrò mi ní Ọ̀ffà ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, oríkì ilé bàbá mi ló máa fi kí mi, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọ̀mí," kò sì fi ti ilé wọn kì mí rí títí tó fi kú. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọdún 1707, òun ni mo máa ń rántí.

Kí wọ́n tó dà pọ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ jọ lo ọba kan fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Lọ́dún 1603, Elizabeth Kìíní kú láìbímọ, James Kẹfà tó jẹ́ ọba Skọ́tlándì ni ìtẹ́ náà sì kàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára rẹ̀. Ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì tún padà sílé kó tó kú, lọ́dún 1617. James fẹ́ kí ilẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan pátápátá, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n ya àsíá kan tó so ti méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù kò gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà bí agboolé méjì tí baálé kan ṣoṣo ni, tó jẹ́ pé inú ọ̀kan ni baálé ń sùn. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ilé aṣòfin tirẹ̀, owó orí tirẹ̀ àti ilé ẹjọ́ tirẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì ṣòfin lórí ọjà tó ń lọ tó ń bọ̀ láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lókè òkun, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi Skọ́tlándì bá wọn dá sí i.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti di ti gbèsè ni ìtàn Darien, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ William Paterson, ará Skọ́tlándì tó wà lára àwọn tó dá Bank of England sílẹ̀ lọ́dún 1694. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ojú rẹ̀ sì mọ́ ọrùn ilẹ̀ tóóró kan tó pín òkun méjì níyà, ní Darien, níbi tí à ń pè ní Panama lónìí. Èrò rẹ̀ ni pé bí àwọn ará ìlú òun bá tẹ̀dó síbẹ̀, ẹrù tó ń ti òkun kan bọ̀ sí èkejì yóò máa gba ọwọ́ wọn kọjá, wọn yóò sì máa gba owó ibodè lórí rẹ̀. Èrò náà kì í ṣe ti wèrè. Ẹni tó bá wo ibi tí wọ́n wá gbẹ́ ipadò Panama sí ní igba ọdún lẹ́yìn náà á mọ̀ pé ojú ọkùnrin náà ríran. Lọ́dún 1695, ilé aṣòfin Edinburgh fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tiwọn dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n yọwọ́. Làwọn ará Skọ́tlándì bá ní kò burú, àwọn yóò dá a fúnra wọn. Wọ́n ṣèlérí 400,000 pọ́n-ùn, nínú ilẹ̀ tí ìyàn ń mú lásìkò náà. Kì í ṣe àwọn olóyè nìkan ló dá a. Dókítà dá, agbẹjọ́rò dá, opó dá, ìgbìmọ̀ àwọn ìlú kéékèèké náà dá.

Ní oṣù Keje ọdún 1698, ọkọ̀ ojú omi márùn-ún gbéra ní èbúté Leith pẹ̀lú ènìyàn tó tó 1,200. Nínú ẹrù tí wọ́n kó lọ láti tà, wọ́n ní irun àdédé wà níbẹ̀, ìyarun wà níbẹ̀, aṣọ onírun àgùntàn sì wà níbẹ̀, sí ilẹ̀ tí ooru ń mú bíi Jẹ́bà. Ibà kọ lù wọ́n. Oúnjẹ bàjẹ́. Àwọn Sípéènì sọ pé ilẹ̀ àwọn ni. Nígbà tí wọ́n ké sí àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nítòsí fún ìrànwọ́, wọ́n bá a pé ọba ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún wọn ní nǹkan kan, ọba tó jẹ́ tiwọn náà, William Kẹta, tí kò fẹ́ bá Sípéènì jà. Ìyàwó Paterson kú síbẹ̀. Láàárín ọdún 1699 wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìròyìn tó dé Edinburgh, ọ̀wọ́ ọkọ̀ kejì ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn wọ̀nyẹn dé, wọ́n bá ibojì àti ahéré tó ti jóná. Ní oṣù Kẹta ọdún 1700, àwọn náà jọ̀wọ́ ara wọn fún Sípéènì. Nǹkan bí ẹgbàá ènìyàn ló ṣòfò lápapọ̀, owó náà sì wọ omi.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa rí, ní kékeré, nígbà tí àwọn kan wá gba owó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà tí a kò sì rí wọn mọ́. Aládùúgbò mi kan ṣì ní bébà tí wọ́n fún un. Ó fi ọ̀rá wé e, ó sì há a sábẹ́ àpótí aṣọ rẹ̀, bí ẹni pé onígbèsè náà lè kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe fi bébà Darien pamọ́ ní Skọ́tlándì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í sọ́kàn.

Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni àrólé. Anne tó fẹ́ jọba lẹ́yìn William ti lóyún ní ìgbà mẹ́tàdínlógún, ìkan ṣoṣo tó kù fún un nínú àwọn ọmọ náà sì kú lọ́dún 1700 ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àwọn aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù yára ṣòfin lọ́dún 1701 pé ìdílé Hanover ní Jámánì ni yóò jọba lẹ́yìn Anne. Wọn kò bi Skọ́tlándì léèrè. Skọ́tlándì náà fèsì pẹ̀lú òfin tirẹ̀, pé àwọn yóò yan ọba tó wu àwọn bí wọn kò bá jẹ́ kí ọ̀wọ̀ àti òwò àwọn dúró. Gẹ̀ẹ́sì ń bá Faransé jagun lọ́wọ́ lásìkò náà, kò sì sí ohun tó burú lójú wọn tó kí ọba mìíràn jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn tí yóò máa bá Faransé ṣọ̀rẹ́. Lọ́dún 1705 wọ́n gbé òfin kan kalẹ̀ tí n kò lè pè ní nǹkan mìíràn ju ìdúnkookò lọ: bí Skọ́tlándì kò bá wá jókòó sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Kérésìmesì, àlejò ni gbogbo ará Skọ́tlándì yóò jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, màlúù wọn, èédú wọn àti aṣọ ọ̀gbọ̀ wọn kò sì ní wọlé mọ́. Ẹni tó mọ bí ọjà Ọ̀ffà ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kò bá wọlé láti òkè yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó.

Wọ́n lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1706, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdé ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé wọn kì í jókòó sínú yàrá kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà nínú tiwọn, àwọn ará Skọ́tlándì wà nínú tiwọn, bébà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àwa tí a mọ iṣẹ́ alárenà kò ní rí èyí bí ohun ìyanu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè sọ lójúkojú, àárín wọn ni ẹnìkẹta ti ń gbé e. Nígbà tó fi di oṣù Keje, àdéhùn ti délẹ̀, abala márùndínlọ́gbọ̀n. Ìjọba kan, ilé aṣòfin kan, ọjà kan tí ibodè kò sí nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n kan, àti ìdílé Hanover lórí ìtẹ́. Nínú ilé aṣòfin tuntun náà, Skọ́tlándì yóò ní aṣojú márùndínláàádọ́ta pẹ̀lú ìjòyè mẹ́rìndínlógún, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní aṣojú 513.

Abala kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ sílẹ̀. Ó sọ pé Skọ́tlándì yóò gba 398,085 pọ́n-ùn àti ṣílè mẹ́wàá, nítorí pé láti ìsinsìnyí lọ wọn yóò máa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì san gbèsè tí wọn kò bá wọn jẹ. Nínú owó náà ni wọ́n yóò sì ti dá owó Darien padà fún gbogbo ẹni tó dá a, pẹ̀lú èlé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ta ọ̀rọ̀ náà! Ọba tí kò jẹ́ kí a fún àwọn ebi ń pa ní ìṣù búrẹ́dì kan ní Darien, ìjọba ẹni tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ló tún wá gbé owó wá láti ra bébà tó wà lábẹ́ àpótí aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin Edinburgh ló ní irú bébà bẹ́ẹ̀ nílé. Yàtọ̀ sí èyí, 20,000 pọ́n-ùn mìíràn gba ẹ̀yìn wọlé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì pín in fún àwọn tó yẹ kí ohùn wọn rọ̀. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni tàbí owó oṣù tí ìjọba ti jẹ wọ́n tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó gba owó tí a kò kọ sínú ìwé mọ ohun tí òun gbà.

Àwọn ará ìlú kò fẹ́ ẹ. Wọ́n fọ́ fèrèsé ilé àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Edinburgh, wọ́n sun ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà ní Dumfries, ìwé ẹ̀bẹ̀ sì ń dé láti ìlú dé ìlú pé kí wọ́n má ṣe é. Daniel Defoe òǹkọ̀wé wà láàárín wọn, amí Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń ti ibẹ̀ kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn alátakò fi ojú sí Duke ti Hamilton pé òun ni yóò ṣíwájú wọn jáde kúrò nínú ilé aṣòfin. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ọkùnrin náà ní eyín ń dun òun. Nígbà tí wọ́n fà á délé aṣòfin pẹ̀lú eyín rẹ̀, ó kọ̀ láti ṣíwájú. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní ọdún 1707, ènìyàn 110 dìbò pé kí ilé aṣòfin tí àwọn jókòó sí má sí mọ́, wọ́n sì borí. Ọ̀gá ilé náà, Seafield, ni wọ́n ní ó sọ nígbà tó fọwọ́ sí ìwé tán pé ibi tí orin àtijọ́ kan parí sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní orin tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ní Edinburgh kọ ni ti ìyàwó tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí inú òun fi bàjẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣe ni mo rẹ́rìn-ín sókè nínú yàrá ìkàwé. Àwa tí a sun ẹkún ìyàwó láti ẹnu ọ̀nà bàbá wa dé ẹnu ọ̀nà ọkọ, a mọ̀ pé ẹkún kò ní kí ènìyàn má lọ. Owó ìdàpọ̀ náà dé ní oṣù Kẹjọ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù méjìlá tí àwọn ológun yí ká, ṣùgbọ́n 100,000 pọ́n-ùn péré ló jẹ́ owó ẹyọ, bébà láti Lọ́ńdọ̀nù ni ìyókù, àwọn ará Edinburgh sì wo bébà náà gẹ́lẹ́ bí abókí mi ṣe wo tèmi. Àwọn tí wọ́n jẹ lówó tí wọn kò tètè san fún kó ìwé gbèsè wọn jọ, wọ́n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì di Royal Bank of Scotland lọ́dún 1727. Ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú báǹkì mẹ́ta tó ń tẹ owó tí kò ní Ìyáàfin lórí, inú gbèsè ìdàpọ̀ ni wọ́n ti bí i.

Àmọ́ ohun tí wọn kò kó sínú ìkòkò ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo àdéhùn náà. Òfin ilẹ̀ Skọ́tlándì dúró, ilé ẹjọ́ wọn dúró, ìjọ wọn dúró pẹ̀lú òfin àkànṣe tí ọba kọ̀ọ̀kan ń búra sí nígbà tó bá gorí ìtẹ́. Charles Kẹta náà búra rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì le lórí ìgbéyàwó láti ọdún 1754, àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí òbí wọn kò gbà fún ń sá kọjá ibodè lọ sí abúlé Gretna Green láti lọ so yìgì lábẹ́ òfin Skọ́tlándì, nínú orílẹ̀-èdè kan náà. Títí di òní, ará ìlú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bá adájọ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá níbẹ̀, níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ méjìlá. Gbajúmọ̀ Skọ́tlándì lè pàdánù ilé aṣòfin rẹ̀ ní Edinburgh, ṣùgbọ́n adájọ́ tó máa pín ogún bàbá rẹ̀, olùṣọ́ àgùntàn tó máa sin òkú rẹ̀ àti tíṣà tó máa kọ́ ọmọ rẹ̀, ilé ni wọ́n wà. Lójú tèmi, ìyẹn ló gbé ìdàpọ̀ náà ró. Bí wọ́n bá ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́dún 1707, ogún ọdún ni n kò ní fún un.

Adé wọn ńkọ́? Wọ́n kó adé, ọ̀pá àṣẹ àti idà ọba sínú àpótí kan nínú odi Edinburgh, wọ́n tì í pa, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànléláàádọ́fà, débi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jí i kó. Ẹni tó gba àṣẹ kí wọ́n já àpótí náà lọ́dún 1818 ni Walter Scott. Lọ́dún 1826, nígbà tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fòfin de owó bébà kéékèèké tí báǹkì Skọ́tlándì ń tẹ̀, òun ló tún kọ àwọn lẹ́tà tó gbóná sínú ìwé ìròyìn títí tí ìjọba fi jáwọ́. Ìdí tí bàbá náà fi wà lórí owó mi nìyẹn. Kò fẹ́ kí ìdàpọ̀ tú rárá, ó fẹ́ràn ọba. Ó kàn ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tí a kò bá wọn dà pọ̀.

N kò ní sọ pé ilé náà tòrò. Ní ọdún kẹfà péré, 1713, wọ́n gbé àbá kan wá sílé àwọn ìjòyè ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n tú u ká, ìbò mẹ́rin ni kò jẹ́ kó tú. Owó orí ọtí dá ìjà sílẹ̀ ní Glasgow lọ́dún 1725. Àwọn tó fẹ́ ìdílé ọba àtijọ́ dìtẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti ìkẹyìn sì parí ní pápá Culloden lọ́dún 1746, nínú ogun tí kò tó wákàtí kan, lẹ́yìn èyí tí wọ́n fòfin de aṣọ àwọn ará òkè Skọ́tlándì títí di ọdún 1782.

Ohun tó rọ àwọn tó kù lójú ni ọjà. Àwọn oníṣòwò Glasgow di ọba tábà, tábà tí àwọn ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú ń ro oko rẹ̀ ní Virginia, àwọn ọmọ Skọ́tlándì sì kún inú ọkọ̀ àti ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé, títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Jẹ́bà, òpó kan wà tí wọ́n kọ orúkọ méjì sí lára, ti Mungo Park àti ti Richard Lander, nítorí pé wọ́n tọ ipa odò Ọya. Ará Skọ́tlándì ni Park, Bussa lókè níbẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1806, ará Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Lander. Mo máa ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ilẹ̀ wo ni èwo ti wá. Òyìnbó ni wọ́n, ó tán.

Òyìnbó kan náà ló so Àríwá àti Gúúsù wa pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914. Lugard kò pe ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n láti apá kọ̀ọ̀kan, a kò sì dìbò, ì báà ṣe ìbò tí a fi owó rà. Ìlọrin ti wà nínú ìwé Àríwá ṣáájú, Ọ̀ffà sì wà lábẹ́ Ìlọrin. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀ tí mo máa kọ ọ́.

Ní Skọ́tlándì, àpótí tún ṣí. Ní 1979, àwọn tó fẹ́ ilé aṣòfin tiwọn pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ tó ogójì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, wọn kò sì tó o. Ní 1997 wọ́n tún dìbò, ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó ní 1999, obìnrin àgbà kan, Winnie Ewing, dìde ó sì kéde pé ilé aṣòfin tó sinmi ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1707 ti tún jókòó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó lọ jẹun ọ̀sán tó sì dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n bi gbogbo ará Skọ́tlándì bóyá kí àwọn lọ lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dìbò, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé lórí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ náà sì dìbò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ìbéèrè tí wọ́n jà sí jù ni ti owó: bí ẹ bá lọ, ṣé pọ́n-ùn ni ẹ ó máa ná? Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn kò ní bá wọn pín in. Ọmọ wa sọ fún mi lórí fóònù pé òun tẹ bẹ́ẹ̀kọ́, nítorí pé òun ń kàwé lọ́wọ́, òun kò sì mọ ohun tí owó ilé ìwé òun yóò dà lọ́jọ́ kejì. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ ohun tó tẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ gbogbo wọn kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ní Skọ́tlándì fẹ́ dúró. Ó ní bó bá ṣe pé òun mọ̀ ni. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ilé aṣòfin Edinburgh kò lè pe irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ abókí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ti ya fọ́tò owó náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Èkó lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, èsì sì ti dé.

"Alhaja, wọ́n ní owó ni o. Ṣùgbọ́n a ó gbà á dín sí ti Ìyáàfin."

Mo ní kí ló dé tí yóò fi dín, nígbà tó jẹ́ pé owó kan náà ni. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òun máa tà á fún kò pọ̀. A ná an díẹ̀, ó fi kún un, mo gbà. Ó ka náírà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó ká ogún pọ́n-ùn náà sápò, ó tún yí i padà, ó wo afárá irin tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó dá odò Forth kọjá láti ọdún 1890, ó sì fi hàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í.

Ó ní, "Wò ó, bíi ti Jẹ́bà."